Kí Ẹsẹ̀ Tuntun Má Bàa Di Ohun Àgbékọ́ Ògiri

  Bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é kó wá gbọ́. Kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ náà wá.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí bàbá kan tó ń gbin iṣu. Alùpùpù ló gbá wọn, ọgbẹ́ náà jẹrà, dókítà sì gé ẹsẹ̀ wọn nísàlẹ̀ orúnkún. Mo rí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wọn lára ògiri, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ́. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò wọ̀ ọ́?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orúnkún mi ò nà mọ́."

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á? Ìfẹ́ ni. Látọjọ́ tí wọ́n ti dé láti ọsibítù ni ìyá ilé ti ń fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún náà, kó lè tù wọ́n lára. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, iṣan ẹ̀yìn orúnkún sún kì. Orúnkún tó bá ti ká kò báyìí, ó ṣòro kí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó gbé èèyàn dúró.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kì í ṣe ọjọ́ tí a gba ẹsẹ̀ tuntun ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Orí ẹní ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ má fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún. Bí dókítà bá ti gbà, ẹ máa dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní fún bí ìṣẹ́jú 20, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí itan àti orúnkún lè nà. Ẹ̀yin ìyá tó ń jókòó tajà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ gbé pákó sórí àga kó yọ síwájú, kí ẹ na kùkùté ẹsẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kó máa rọ̀ dirodiro.

Báńdéèjì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí a ṣe ń dì í. Ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ le díẹ̀ ju òkè lọ. Bí òkè bá le jù, omi á gbára jọ sísàlẹ̀, kùkùté á wú, kò ní wọ inú ẹsẹ̀ tuntun.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìka ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé ń dùn wọ́n, tàbí ó ń yún wọn. Ẹ má bẹ̀rù. Kì í ṣe àjẹ́, wọn ò sì ya wèrè. Ọpọlọ ṣì ń rántí ẹsẹ̀ náà ni. Ẹ sọ fún dókítà, ìtọ́jú wà.

Bí ẹsẹ̀ tuntun bá wá dé, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ wọ̀ ọ́ fúngbà díẹ̀, ẹ bọ́ ọ, ẹ fi dígí wo gbogbo ara kùkùté. Bí ojú kan bá gbóná tàbí tó yí àwọ̀ padà, tí kò sì lọ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má tún un wọ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Lálaalẹ́, ẹ bọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ fi ọṣẹ wẹ kùkùté, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Alẹ́ náà lẹ lè fi òrí pa á. Ẹ má fi pa á láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.

Kùkùté máa ń fọn sí i, pàápàá lọ́dún àkọ́kọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń mì, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ kan kún un. Bó bá ṣì ń mì, ẹ gbé e lọ kí wọ́n tún un ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣé a kì í gbé alùpùpù padà fún mẹkaníìkì ni?

Níbo la ti ń rí i? Ilé ìwòsàn Bassila ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé fún yín. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ wà ní CNHU ní Kútọnu. Ní Lomé, ilé ẹ̀kọ́ ENAM ti ń kọ́ àwọn tó ń ṣe é láti oríṣiríṣi ilẹ̀ tó ń sọ Faransé. Ẹ béèrè iye owó kẹ́ ẹ tó gbéra.

Kẹ́ ẹ sì la ẹnu o! Ẹ sọ fún wọn pé oko lẹ̀ ń lọ, pé ilẹ̀ lẹ ń jókòó sí kírun. Ní ìlú Jaipur ní Íńdíà, lọ́dún 1968, oníṣẹ́ ọwọ́ kan, Ram Chander Sharma, àti dókítà P. K. Sethi ṣe ẹsẹ̀ onírọ́bà tí àgbẹ̀ lè fi rìn láìwọ bàtà, tó sì lè fi lóṣòó. Ẹsẹ̀ tó bá iṣẹ́ ẹni mu lèèyàn ń wọ̀.

Bàbá tí mo sọ̀rọ̀ wọn ti ń lọ sọ́dọ̀ kíné báyìí, ó ń bá wọn na orúnkún náà. Ìyá ti gbé ìrọ̀rí kúrò. Iṣẹ́ náà ń pẹ́, ó sì ń dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún yín kó má bàa ṣe ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ jíròrò èyí: ta ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ní abúlé yín? Ǹjẹ́ orúnkún rẹ̀ ń nà? Ta ló máa bá a dé Bassila?