Àwo Oúnjẹ Ẹni Tí A Dúró Fún Kàn Wá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ikùn ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Kí ló kan ẹgbẹ́ nínú ohun tí mo ń jẹ? Owó ni kí ẹ bá mi ṣírò, ẹ fi ọbẹ̀ mi sílẹ̀." Ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà ni.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n wa kan tí ìsọ̀ wọn kángun sí tèmi wá bá mi. Ìyá Aláṣọ ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n. Èmi ń ta èlùbọ́ àti gàrí. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, wá ṣe onídùúró mi. Mo fẹ́ yá owó kó ọjà ọdún." Mo mọ̀ wọ́n sí olóòótọ́, wọn kì í jẹ gbèsè sùn. Mo wo ìwé ìfowópamọ́ wọn, ó mọ́. Mo wo inú ìsọ̀ wọn, ọjà kún un. Èmi àti ẹnì kejì bá fọwọ́ síwèé. Ohun kan ṣoṣo ni a kò wò: a kò wo ara wọn.

Owó náà kò tíì pé oṣù méjì lọ́wọ́ wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ń wọn aṣọ fún oníbàárà, ni ọ̀pá yáàdì bá já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí a tó sáré dé ibẹ̀, ẹnu ti wọ́, ọwọ́ òsì kò gbé sókè mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, ó sì ti wà lára wọn tipẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Owó ọjà ọdún di owó oògùn. Nígbà tí oṣù ń yí lu oṣù tí owó ẹgbẹ́ kò wọlé, wọ́n pe àwa onídùúró, a sì san án. N kò kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀mí ju owó lọ, Ìyá Aláṣọ sì wà láàyè títí di òní. Ṣùgbọ́n mo kọ́gbọ́n níbẹ̀ pé bí a bá dúró fún ènìyàn, ara rẹ̀ gan-an ni a dúró lé lórí. Bí ara yẹn bá yẹ̀, gbogbo wa ló ń ṣubú.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, èmi náà lọ wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n padà wá. Nígbà tí mo padà lọ, 160 lórí 100 ni. Orí kò fọ́ mi, ojú kò kọ́ mi. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń ṣe nìyẹn, kì í sábà kìlọ̀ kó tó dé. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a wọ̀n ọ́n ju ọjọ́ kan lọ, ó ti ní in nìyẹn. Àrùn tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe.

BÍ A ṢE Ń JẸUN NÍ ỌJÀ

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. A ń kúrò nílé láìfi nǹkan kan ẹnu. Ní aago mẹ́sàn-án, búrẹ́dì àti mínírà tútù. Bí ọjà bá ń yá, a ò rántí oúnjẹ mọ́ títí di aago mẹ́ta. Ìgbà náà ni a óò ké pe olóúnjẹ: ìrẹsì funfun gègèrè, ata díndín tí òróró léfòó lórí rẹ̀, ẹran kan. Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Kò sí. Ẹ̀wà ńkọ́? Ṣíbí kan péré. Ó di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ̀bà ńlá. Kí a tó gbé àwo kúrò, oorun ti dé.

N kò bú àwọn olóúnjẹ wa o. Púpọ̀ nínú wọn, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n, ohun tí a bá ní kí wọ́n bù ni wọ́n ń bù. Ṣùgbọ́n ìkòkò ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò lè mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Iyọ̀ kan náà ni gbogbo wa ń jẹ.

Iyọ̀ yìí gan-an ni kí a kọ́kọ́ wò. Iyọ̀ a máa di omi mú nínú ara, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ nínú iṣan, ọkàn á máa fi agbára tì í. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn kò ju ṣíbí tíì kan tí a rẹ́ lórí. Ẹ má gbàgbé pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú hóró mágí. Ẹni tó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, tó tún fọ́ mágí márùn-ún lé e, iyọ̀ lórí iyọ̀ ni.

INÚ OÚNJẸ NI ẸGBẸ́ WA TI BẸ̀RẸ̀

Ẹni tó bá ní oúnjẹ kò kan ẹgbẹ́, kó gbọ́ èyí. Ní ọdún 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn 28 da owó jọ, wọ́n ṣí ìsọ̀ kan. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ tà níbẹ̀? Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti ọkà òótì ni, pẹ̀lú àbẹ́là. Láyé ìgbà náà, àwọn oníṣòwò kan a máa lú ìyẹ̀fun, wọ́n á sì tún fi èyí tó wọ́n ta tálákà. Àwọn ará Rochdale ní kí àwọn rí oúnjẹ tí kò ní màgòmágó jẹ, kí èrè rẹ̀ sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó rà á. Ẹ̀ka igi yẹn ni òfin ọdún 1935 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà tí àwa náà fi ń jókòó ṣèpàdé lónìí.

ÀJỌ OÚNJẸ

Gbogbo wa la mọ àjọ àti èsúsú. Ohun tí a ṣe ní ìlà ìsọ̀ tiwa ni pé a sọ oúnjẹ ọ̀sán di àjọ. Ènìyàn mẹ́fà ni wá, ọjọ́ mẹ́fà ni a fi ń ná ọjà lọ́sẹ̀. Ọjọ́ kan ni kálukú ń sè wá láti ilé, ọjọ́ márùn-ún ni àwọn yòókù ń sè fún un. Ẹni tó kàn kò nílò wàhálà tuntun, nítorí ó ti ń dáná fún àwọn ará ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó kàn fi kún un ni. Ìdajì kóńgò ẹ̀wà tó ènìyàn mẹ́fà jẹ, bí ẹ̀kọ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá tẹ̀lé e. Ètò wa nìyí:

Ọjọ́ Ajé: ẹ̀wà rírò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: àmàlà, ewédú àti gbẹ̀gìrì, pẹ̀lú ẹja.
Ọjọ́rú: ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, àti ẹ̀fọ́.
Ọjọ́bọ̀: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín.
Ọjọ́ Ẹtì: iṣu sísè àti ẹ̀fọ́ rírò, pẹ̀lú ẹyin.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: ẹ̀bà kékeré, ọbẹ̀ ilá àti ẹja.

Ẹ wò ó dáadáa, kò sí oúnjẹ òyìnbó kankan níbẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá wa ń sè náà ni. Èso ìgbà la fi ń pa ẹnu dà: ọsàn, ìbẹ́pẹ, mángòrò, àgbálùmọ̀. Omi la ń mu tẹ̀lé e. Mínírà ti di ti ọjọ́ ìnáwó.

ÒFIN ÌKÒKÒ WA

Èkíní, ọbẹ̀ àti ẹ̀fọ́ ni kó pọ̀, kí òkèlè kéré. Bí ẹ bá pín àwo sí mẹ́rin, kí ìdá méjì jẹ́ ẹ̀fọ́, kí ìdá kan jẹ́ òkèlè, iṣu tàbí ìrẹsì, kí ìdá tó kù jẹ́ ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó má tan ara rẹ̀ pé àmàlà kì í ṣe ohun àníyàn nítorí pé ó dúdú. Bí òkèlè bá ti pọ̀ jù, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á gòkè, ì báà dúdú, ì báà funfun.

Èkejì, ìkòkò ènìyàn mẹ́fà kò gbọdọ̀ gbà ju ṣíbí tíì iyọ̀ méjì lọ, nítorí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ nìyẹn, a óò tún jẹ iyọ̀ nílé. Bí ẹ bá ti fi mágí mẹ́rin sí i, ìṣírò iyọ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Irú ni kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, èyí tí wọn kò fi iyọ̀ sí, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti edé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo wa ń kùn pé ọbẹ̀ tẹ́. Kò pé oṣù kan tí ahọ́n fi mọ́ra.

Ẹ̀kẹta, ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Ẹni tó bọ ẹ̀fọ́ títí, tó da omi rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú oore ara rẹ̀ ló dà nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo pupa: bí ẹ bá jó o títí pupa rẹ̀ fi lọ, èròjà inú rẹ̀ tó ń ṣe ojú lóore ti bá a lọ. Kí ó má sì pọ̀ jù náà.

Ẹ̀kẹrin, oúnjẹ gbígbóná ni kí ẹ gbé sínú kúlà, kí ẹ dé e pinpin, kó ṣì máa gbóná títí a ó fi jẹ ẹ́. Oúnjẹ tó ti di lọ́wọ́ọ́wọ́ tó ju wákàtí méjì lọ, kòkòrò àìfojúrí ti ń bí nínú rẹ̀, pàápàá ìrẹsì àti ẹ̀wà. Kí ẹni tó sè fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí àwa tí a óò jẹ náà fọ̀ ọ́. Bí inú bá ń ru ẹni tó kàn, kó sọ, ẹlòmíràn á gba ọjọ́ rẹ̀.

Ìkarùn-ún, aago méjì la ń jẹun, ọjà ì báà yá.

OHUN TÍ ÈNÌYÀN Ń BẸ̀RÙ

Ẹlòmíràn á ní, "Ayé le, n kò lè jẹ oúnjẹ ilé ẹni ẹlẹ́ni." Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti rí ilé ìdáná olóúnjẹ tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó sè ló ń kọ́kọ́ bu tirẹ̀ jẹ níbẹ̀, lójú gbogbo wa. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ìdílé rẹ̀ kò jẹ nǹkan kan, a kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó ń fi se. Bí ààwẹ̀ bá dé, àwọn tó ń gbà á yọ ara wọn, a tún ìkà ọjọ́ ṣe.

Èkejì ni ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Nígbà tí Ìyá Aláṣọ padà sí ìsọ̀, owó kò sí lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ òsì kò sì lè di igi orógùn mú. Wọ́n ní kí a má ka àwọn mọ́ ọn. A kò gbà. Báyìí, àwọn ni wọ́n ń ṣa ẹ̀wà gbogbo wa. Wọ́n á dà á sórí àtẹ, wọ́n á máa fi ọwọ́ ọ̀tún yọ òkúta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ṣe kòńgẹ́ òkúta lẹ́nu. Lọ́jọ́ tiwọn, ọmọ wọn obìnrin ló ń sè é wá, àwọn ni wọ́n sì ń bù ú fún wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Oúnjẹ kò gba ipò oògùn. Èmi ṣì ń lo tèmi, mo sì ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀ mi lóṣooṣù. 138 lórí 86 ni ó jẹ́ nígbà tí mo lọ kẹ́yìn. Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn, kó má dá a dúró nítorí pé ó ti ń jẹ ẹ̀fọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ nìyí: bí a bá ń wo ìwé ìfowópamọ́ ẹni tó fẹ́ yáwó, kí a máa bi í pẹ̀lú pé ìgbà wo ló wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Kì í ṣe láti fi lé e padà, bí kò ṣe láti tètè mọ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ wo ìlà ìsọ̀ yín, ẹ mú ènìyàn márùn-ún, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní tèmi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, owó tí mo ń fi ra oúnjẹ ọ̀sán ní ọjọ́ mẹ́fà ju owó ìkòkò mi kan ṣoṣo lọ. Èyí tó ṣẹ́kù, inú ìwé ìfowópamọ́ mi ló ń lọ. Ẹ sì wo orúkọ tí àwọn tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ fún wa: Alájẹṣẹ́kù. Wọn kò ní kí a má jẹ. Wọ́n ní kí a jẹ, kó sì ṣẹ́ kù.

Ó di oṣù tó ń bọ̀ o. Ire owó, ire àlàáfíà.