Ìjábọ̀ gẹ́gẹ́ bí Òpin Ìrànlọ́wọ́: Ojúṣe Ẹni tí Ìṣòro Rẹ̀ Ti Yanjú

Ìfáàrà

Ní àwùjọ Yorùbá, ojúṣe méjì ni ó wà lọ́rùn ẹni tí a bá ràn lọ́wọ́. Èkíní ni ọpẹ́. Èkejì ni ìjábọ̀. Òwe tí ó sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, ti jẹ́ kí ti ọpẹ́ yé tọmọdé tàgbà. Ti ìjábọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìjábọ̀ kì í ṣe àfikún ọpẹ́ lásán. Òun ni ó ń sọ ìrànlọ́wọ́ tí ẹnì kan rí gbà di ìmọ̀ tí ẹlòmíràn lè lò.

Ìtumọ̀ Ìjábọ̀

Láti ara "jẹ́" àti "àbọ̀" ni a ti rí "jábọ̀", gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí "jíṣẹ́" láti ara "jẹ́" àti "iṣẹ́". Ẹni tí a rán níṣẹ́ yóò jíṣẹ́ níbi tí a rán an lọ, yóò sì padà wá jábọ̀. Bí kò bá jábọ̀, ọkàn ẹni tí ó rán an kò lè balẹ̀, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ ti di jíjẹ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn rí. Ẹni tí ó gba àgbo lọ́wọ́ oníṣègùn lè sọ pé "ẹ ṣeun" lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì lè sọ pé oògùn náà jẹ́. Ọjọ́ tí a gba nǹkan ni ọjọ́ ọpẹ́. Ọjọ́ tí a rí àyọrísí rẹ̀ ni ọjọ́ ìjábọ̀.

Àpẹẹrẹ láti inú Ẹsẹ Ifá

Abímbọ́lá (1976) pín ìgbékalẹ̀ ẹsẹ Ifá sí ọ̀nà mẹ́jọ: orúkọ awo tí ó dífá, ẹni tí a dífá fún, ìdí tí a fi dífá, ohun tí awo ní kí ó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀, ìdùnnú tàbí ìbànújẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tí ó kádìí ọ̀rọ̀ náà.

Bí ẹsẹ bá parí sórí ohun tí awo wí, kò sí bí àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ṣe mọ̀ bóyá ìmọ̀ràn náà jẹ́ tàbí kò jẹ́. Àbọ̀ inú rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di àwòkọ́ṣe fún ẹni tí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ bá dé bá. Orúkọ awo kò sì sọ nù, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi àbámọ̀ ẹni tí ó kọ etí ikún sí ẹbọ pa mọ́.

Láàrin Àwọn tí Kò Mọ Ara Wọn

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó rí èyí. Nínú ìwé ìlànà tí Eric Raymond àti Rick Moen kọ ní 2001 lórí bí a ṣe ń béèrè ìrànlọ́wọ́ nípa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n gba oníbèéèrè níyànjú pé kí ó padà wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣòro òun ti yanjú, kí ó sì sọ ohun tí ó yanjú rẹ̀. Ìdí ni pé ẹlòmíràn yóò wá ìdáhùn kan náà lọ́jọ́ iwájú.

Ìlànà fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ mẹ́ta níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní kí ó lo dò, re, mí. Èkejì ní kí ó lo ìlù. Ẹ̀kẹta ní kí ó ya àwòrán. Ó dán wọn wò, ọ̀kan ṣiṣẹ́, ó sì dákẹ́. Àwọn olùkọ́ náà kò mọ èyí tí ó wúlò nínú ìmọ̀ràn wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bọ́ sínú ìṣòro yìí lọ́dún kejì yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí oníbèéèrè:

(a) dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má sọ pé ìṣòro ti tán títí yóò fi dán ìmọ̀ràn náà wò dájú;

(b) sọ èyí tí ó ṣiṣẹ́ gan-an àti ẹni tí ó mú un wá, láìfojú tín-ín-rín àwọn yòókù;

(d) ṣàlàyé ọ̀nà tí ó gbà bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó wá ojútùú, nítorí pé "ó ti tán" nìkan kò kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n;

(e) jábọ̀ níbi tí ó ti béèrè: ìbéèrè ìta gbangba kò yẹ ní àbọ̀ ìkọ̀kọ̀;

(ẹ) jábọ̀ bákan náà bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíràn má baà kọsẹ̀ níbi tí òun ti kọsẹ̀.

Ó yẹ kí olùrànlọ́wọ́ náà ní sùúrù. Ó lè béèrè pé, "Ibo ni ọ̀rọ̀ náà já sí?" ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó kéde pé ìṣòro ẹlòmíràn ti yanjú. Ẹni tí ó ni ín ni ó mọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Àǹfààní ẹni tí ó dúpẹ́ ni òwe yìí ń sọ. Àǹfààní ìjábọ̀ kọjá ẹni tí ó ṣe é. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń béèrè, tí irú ìbéèrè náà yóò sì bá lọ́la. Olùkọ́ tí ó bá fi èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti kékeré ti kọ́ ọ ní ìwà, ó sì ti kọ́ ọ bí a ṣe ń pa ìmọ̀ mọ́.