Ta Ló Ra Fọ́ọ̀mù fún Un?

Bí ìdìbò abẹ́lé bá kù díẹ̀ ní Abuja, hòtẹ́ẹ̀lì kì í gba èrò mọ́ ní Wuse àti Maitama, àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là ní Zone 4 kì í sì í ráyè jókòó. Ará ìlú tó ń gba ibẹ̀ kọjá mọ ibi tí owó náà ń lọ. Maitama yìí kan náà ni olú iléeṣẹ́ INEC wà, àjọ elétò ìdìbò tí òfin ní kó máa yẹ ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wò. Ó yẹ ká tún padà sórí ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ti parí: ṣé kí ìjọba máa fi owó ìlú ran ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́wọ́ ni, àbí kó fi wọ́n sílẹ̀ fún olówó?

A ti ṣe é rí. Ìjọba ológun Babangida dá ẹgbẹ́ òṣèlú SDP àti NRC sílẹ̀ ní 1989, ó kọ́ ọ́fíìsì fún wọn káàkiri ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ń bọ́ wọn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 1993, ìjọba ológun mìíràn tú méjèèjì ká, kò sì sí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó lè sọ pé owó òun ni wọ́n fi kọ́ ilé náà.

Ìwé Òfin 1999, ní abala 228, tún gba Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ láàyè láti máa yọ owó sílẹ̀ lọ́dọọdún kí INEC pín in fún àwọn ẹgbẹ́ bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ. Bó ṣe tọ́ yẹn ló dìjà. Òfin Ìdìbò 2002 ní kí gbogbo ẹgbẹ́ pín ìdá 30 nínú 100 dọ́gba, kí ìdá 70 tẹ̀lé iye ìjókòó tí ẹgbẹ́ ní ní Ilé Aṣòfin Àpapọ̀. Kò ju ọdún mẹ́rin lọ tí àwọn tó wà lórí ìjókòó náà fi tún un ṣe: ìdá 10 fún gbogbo ẹgbẹ́, ìdá 90 fún ẹni tó ní ìjókòó. Ẹni tó ti yó ni wọ́n ń bu oúnjẹ sí i fún. Ní 2010, wọ́n yọ owó náà kúrò nínú òfin pátápátá.

Àwọn tó fẹ́ kí owó náà kúrò ní òun ló ń bí ẹgbẹ́ tí kò ní ju pátákó ẹnu ọ̀nà lọ. N kò gba èyí gbọ́. Láti 2010 ni owó ti dópin, síbẹ̀ ẹgbẹ́ 91 ló wà nígbà ìdìbò 2019, olùdíje 73 ló sì du ipò ààrẹ. INEC ló wá fagi lé 74 nínú àwọn ẹgbẹ́ náà ní oṣù kejì 2020. Ẹgbẹ́ kékeré ní ọjà tirẹ̀ tó ń tà: tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ẹgbẹ́ ńlá já sílẹ̀, àti àtìlẹ́yìn fún olówó nígbà tí ìbò bá ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹgbẹ́ ńlá ní tirẹ̀ ń ta fọ́ọ̀mù. Fún ìdìbò 2023, ẹgbẹ́ kan ta fọ́ọ̀mù ààrẹ ní 100 mílíọ̀nù náírà, òmíràn tà á ní 40 mílíọ̀nù. Owó oṣù àti àjẹmọ́nú tí òfin kọ sílẹ̀ fún ààrẹ kò ju bíi mílíọ̀nù 14 lọ lọ́dún. Bó bá lo ọdún mẹ́rin láìná kọ́bọ̀, kò lè rí owó fọ́ọ̀mù 100 mílíọ̀nù náà kó jọ. Òfin Ìdìbò 2022 tó wà nílẹ̀ nígbà náà ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ fún olùdíje ju mílíọ̀nù 50 lọ, òfin iléeṣẹ́ sì ní kí iléeṣẹ́ má fún ẹgbẹ́ òṣèlú lówó rárá. Àwọn tó ra fọ́ọ̀mù á ní àwọn ọ̀rẹ́ ló dáwó jọ. Ọ̀rẹ́ tó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe kì í dá irú owó bẹ́ẹ̀ láìní gbà á padà, inú ìwé iṣẹ́ àgbàṣe la sì ti ń san án. Láti ibẹ̀ náà ni owó "dìbò, kí o sebẹ̀" ti ń jáde. Owó ìlú ṣì ni, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló gbà.

Àtakò tó wúwo jù lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ kí ìjọba fún ẹgbẹ́ lówó ni pé olùkọ́ ń retí owó oṣù ní Kwali, oògùn kò sí ní ilé ìwòsàn Abaji, ẹ wá ń fún olóṣèlú lówó. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Owó ìjọba nìkan kì í sì í dá olówó dúró: Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tiwọn pẹ̀lú ìdìbò ààrẹ 1976, ṣùgbọ́n Obama kọ̀ ọ́ ní 2008 nítorí owó tó lè rí níta pọ̀ ju òté tí òfin náà fi lé ìnáwó lọ. Ti Jámánì ló wù mí jù. Ohun tí ìjọba ibẹ̀ ń fún ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ju ohun tí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ rí kó jọ lọ, owó kékeré tí ọmọ ẹgbẹ́ dá sì ń mú kí ìpín pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ tí kò rí owó tirẹ̀ kó jọ kò ní rí nǹkan gbà.

Bí owó náà yóò bá padà wá sílẹ̀ wa, bó ṣe yẹ kó padà nìyẹn: kó tẹ̀lé owó tí ìyá aláta àti ọlọ́kadà bá dá, kó sì dúró lọ́dún tí ẹgbẹ́ kò bá gbé ìṣirò owó rẹ̀ jáde. Àwọn tí òfin fún lágbára láti ṣe é ni àwọn tó fi fọ́ọ̀mù olówó gọbọi dé ipò, ìdí nìyẹn tí abala 228 fi sùn látọdún 2010. Nítorí náà, ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà yín tó ń tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè ẹni tó ra fọ́ọ̀mù fún un.