Ìkánjú kọ̀ǹpútà ló dí ọ̀nà: Bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 1986

Yáàdì 400 péré ló wà láàárín ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín kò ní í pẹ́ lọ́nà rárá. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹwàá, ọdún 1986, ìsọfúnni tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì kọjá láàárín ibi méjèèjì, tó ti ń sáré bíìtì 32,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, já wálẹ̀ sí bíìtì 40. Lẹ́tà márùn-ún ni bíìtì 40 jẹ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ìwé kan tó ní lẹ́tà 2,000, tó yẹ kó débẹ̀ láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, wá fẹ́ẹ̀ gba odindi ìṣẹ́jú méje.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, wáyà ni aráyé kọ́kọ́ máa ń di ẹ̀bi rù. Van Jacobson, onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí náà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bi ara rẹ̀ ni pé, ṣé kì í ṣe ètò TCP inú 4.3BSD, ìyẹn sọ́fítíwíà tí Berkeley ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde lọ́dún yẹn kan náà, ló ń ṣe ségesège? Òun àti Mike Karels jọ tú u palẹ̀. Wọ́n kọ àkókò tí ẹrù kọ̀ọ̀kan gbéra sílẹ̀, wọ́n sì fi ya àwòrán. Nínú àyẹ̀wò kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1988, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ọ̀nà náà ló wúlò. Àtúnrán ló jẹ ìyókù. Kódà, apá kan wà tí ètò náà rán lẹ́ẹ̀marùn-ún!

Kí ló fà á? Íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó rán an ni, ẹni tó gbà á á sì fèsì pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́. Bí èsì bá pẹ́, TCP á gbà pé ẹrù ti sọnù, á tún òmíràn rán, bẹ́ẹ̀ èyí àkọ́kọ́ lè má sọnù rárá, kó kàn wà lórí ìlà níbi tí ọ̀nà ti fún. Àfi bí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tó tún ń rán mọ́tò mìíràn tẹ̀ lé e.

Ọgbọ́n tuntun méje ni wọ́n kì bọ inú TCP. Ọ̀kan ń wo bí ìrìnàjò ẹrù ṣe ń yí padà, kí ètò náà má baà tètè sọ̀rètí nù. Òmíràn, tí wọ́n ń pè ní slow start, á kọ́kọ́ rán ẹrù kan. Bí èsì bá dé, á rán méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Orúkọ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu lójú tiwa, nítorí ohun tó ń di ìlọ́po méjì kì í pẹ́ pọ̀. Bí ẹrù bá wá sọnù, á mọ̀ pé ọ̀nà ti kún, á sì dín in kù.

Àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ṣì ń tọ ipa yìí. Bí eré bá já wálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tún sọ́fítíwíà ṣe, iye àtúnrán ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá pọ̀, ẹrù ń sọnù lọ́nà, tàbí kó jẹ́ pé ètò náà kò ní sùúrù. Bó bá kéré, tí eré kò sì yá síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ń rán an ló ń dúró jù, tí kò rán ẹrù tó pọ̀ tó kó tó máa retí èsì.