Kùmọ̀ mẹ́ta, ọwọ́ méjì: Eré ìdárayá tí àgbàlagbà náà lè kọ́

Ọwọ́ méjì péré ni ènìyàn ní, ṣùgbọ́n àwọn eléré kan wà káàkiri àgbáyé tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ méjì náà ju kùmọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún sókè léraléra, tí wọ́n á sì máa hán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láì jẹ́ kí ìkankan já bọ́. Ọ̀pọ̀ tó ti rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ló rò pé idán ni wọ́n ń pa. Kì í ṣe idán rárá. Ẹ̀kọ́ ni, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

Ohun tó wá yẹ kí àwọn àgbà etí sí ni pé eré yìí kì í ṣe ti ọ̀dọ́ nìkan. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ẹ̀rọ wo inú orí àwọn ẹni ọgọ́ta ọdún tó kọ́ jíjù àti híhán yìí, ohun tí wọ́n sì rí fi hàn pé ọpọlọ àgbà kò tíì gbẹ bí àwọn ènìyàn ṣe rò.

Ibi tí kùmọ̀ náà ti wá

Ilẹ̀ Íńdíà ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníjàkadì ibẹ̀ máa ń fi kùmọ̀ onígi tó wúwo yí ká orí àti èjìká wọn kí apá wọn lè le. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí èyí níbẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, wọ́n gbé e lọ sí ìlú wọn, ó sì tibẹ̀ dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kódà, wọ́n fi fífì kùmọ̀ díje nínú ìdíje Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀mejì, ní St. Louis ní ọdún 1904 àti ní Los Angeles ní ọdún 1932. George Roth tó gba wúrà ní ọdún 1932 kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lásìkò náà. Ìtàn sọ pé bó ṣe gba àmì-ẹ̀yẹ náà tán, ojú títì ló dúró sí tó ń bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n gbé òun dé ilé.

Nígbà tó yá, àwọn eléré orí ìtàgé bẹ̀rẹ̀ sí í ju kùmọ̀ náà sókè dípò kí wọ́n kàn máa fì í. Nítorí èyí, wọ́n sọ ọ́ di fífúyẹ́. Ní ọdún 1947, àwọn tó ń ṣe eré yìí ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní International Jugglers' Association.

Bí a ṣe ń yan kùmọ̀

Kùmọ̀ eléré fara jọ ọmọ odó kékeré. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi ìdìmú, ó tóbi lápá òkè, kókó kékeré kan sì wà ní ìdí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́. Gígùn rẹ̀ máa ń tó 50 sẹ̀ǹtímítà, ìwúwo rẹ̀ sì máa ń wà láàárín 200 sí 250 gíráàmù, bí ike omi kékeré tí a ti mu dé ìdajì.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n fi ike ṣe ní odidi kan. Kò wọ́n púpọ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó le lọ́wọ́. Bó bá ba ènìyàn ní àtàǹpàkò, ẹni náà á mọ̀ ọ́n lára. Èkejì ni èyí tí wọ́n tò pọ̀: igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló gba inú rẹ̀ kọjá, ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara rẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan rírọ̀ bo orí àti ìdí rẹ̀. Èyí wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó dára fún ọwọ́ tí oríkèé ń dùn.

Ìka kò dọ́gba, àmọ́ kùmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì lọ, ọwọ́ kò ní mọ ìwọ̀n agbára tí yóò fi jù ú. Kí ẹni tó ń rà á sì ṣọ́ra kó má lọ ra kùmọ̀ onígi tí wọ́n fi ń ṣe ìdárayá apá, nítorí ìyẹn wúwo, ó sì lè ṣe ènìyàn léṣe bó bá já lé e lórí.

Ẹni tí kò bá rí èyí rà lè fi ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe é. Kí ó wá ike mẹ́ta tó dọ́gba, kí ó ti igi róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan ìdí ike, kí ó kàn án mọ́ ìdí náà, kí ó sì fi téèpù wé ẹnu ike mọ́ igi dáadáa.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Kùmọ̀ kọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ rán àpò aṣọ kékeré mẹ́ta, kí ẹ rọ ẹ̀wà tàbí àgbàdo sínú wọn. Irú àpò bẹ́ẹ̀ kì í yí lọ bó bá já. Ẹ dúró kọjú sí bẹ́ẹ̀dì, kí èyí tó bá já má baà dé ilẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ń dùn má baà máa bẹ̀rẹ̀ ṣáá.

Ẹ ju ọ̀kan láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, kó ga dé iwájú orí. Bó bá ti fẹ́ máa sọ̀kalẹ̀, ẹ ju ti ọwọ́ òsì gba abẹ́ rẹ̀ wá sí ọ̀tún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn kàn na èkejì sí ọwọ́ kejì láì jù ú sókè. Bí méjì bá ti mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi ẹ̀kẹta kún un.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ mú kùmọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ dì í mú níbi tí ìdìmú ti ń sún mọ́ ara rẹ̀ tó tóbi, kí ẹ fi apá jù ú pẹ̀lẹ́, kí ó yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lókè, kí ìdìmú rẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ kejì. Apá ni kí ó ṣiṣẹ́ náà, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Bó bá jẹ́ pé apá tó tóbi ló ń bá yín lọ́wọ́, yíyí rẹ̀ ti pọ̀ jù tàbí kò tó. Tí èyí bá ti tọ́, ẹ lọ sí méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Ọwọ́ tó bá di méjì mú ni yóò kọ́kọ́ jù, èyí tó wà lókè nínú méjèèjì ni yóò sì kọ́kọ́ lọ. Ẹ jù lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ dúró. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ jù lẹ́ẹ̀mẹrin. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ìta gbangba tí koríko wà ló dára jù. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé wà nítòsí, kí ẹ sì yẹra fún un bí atẹ́gùn bá ń fẹ́.

Àǹfààní rẹ̀ fún àgbàlagbà

Ní ọdún 2004, ìwé sáyẹ́ǹsì Nature gbé ìwádìí kan jáde tí Arne May àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Jámánì. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ eré náà rí fi oṣù mẹ́ta kọ́ bí a ṣe ń fi bọ́ọ̀lù mẹ́ta ṣe é. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán inú orí wọn, apá ibi tí ọpọlọ fi ń mọ ìrìn ohun tí ojú rí ti pọ̀ sí i. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n pa eré náà tì, èyí tó pọ̀ sí i ti ń dínkù.

Ní ọdún 2008, wọ́n gbé èsì ti àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 60 jáde. Ọwọ́ wọn kò yá tó ti àwọn ọmọ ogún ọdún, síbẹ̀ ibi kan náà pọ̀ sí i nínú ọpọlọ wọn, àti fún ìgbà díẹ̀, apá kan tó níí ṣe pẹ̀lú ìrántí. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí Yunifásítì Oxford pẹ̀lú sọ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí àwọn ènìyàn fi ń fi ìdajì wákàtí kọ́ ọ lójúmọ́, ọpọlọ wọn yí padà, àtẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa àtẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn ìwádìí wọ̀nyí kò sọ pé eré yìí ń wo àìsàn ìgbàgbé sàn o. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé ìgbìyànjú láti kọ́ ohun tuntun kì í lọ lásán lára àgbà, àti pé ohun tí a bá kọ́ tí a sì pa tì máa ń rẹ̀yìn. Ẹni tí èjìká tàbí ọrùn bá ń yọ lẹ́nu, tàbí tí òòyì ń kọ́, kí ó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le, àpò ẹ̀wà mẹ́ta àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.