Ibi tí Òfin àti Àbùjá ti Pàdé: Yíyanjú Ìdọ́gba Onílà Gbọọrọ Méjì Lórí Gíráàfù

Ẹni tí ó bá ṣí láti Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà yóò kúrò níbi tí Celsius ti wọ́pọ̀ bọ́ síbi tí Fahrenheit ti gbilẹ̀. Àwọn mìíràn a máa lo ọ̀nà àbùjá kan: wọn a sọ iye Celsius di ìlọ́po méjì, wọn a sì fi 30 kún un. Níbo gan-an ni àbùjá yìí ti bá òfin mu? Ìdọ́gba méjì ni ìbéèrè náà kó pọ̀:

Òfin: F = 1.8C + 32
Àbùjá: F = 2C + 30

Yíyanjú wọn pọ̀ ni wíwá iye C àti iye F tí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Olùṣirò yóò fa ìlà ìbú fún C àti ìlà òró fún F. Ojúàmì méjì tó láti fa ìlà gbọọrọ kan: (0, 32) àti (20, 68) fún òfin, (0, 30) àti (20, 70) fún àbùjá. Bí ó bá fi rúlà so wọ́n, ìlà méjèèjì yóò pàdé ní (10, 50). Gbogbo ojúàmì orí ìlà kan ni ó bá ìdọ́gba ìlà náà mu. Nítorí náà, èyí tí ó wà lórí ìlà méjèèjì nìkan ni ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n ìdagẹ̀rẹ̀ 1.8 àti 2 sún mọ́ra, àwọn ìlà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra nítòsí ibi ìpàdé. Nígbà tí C jẹ́ 5, òfin fún ni ní 41, àbùjá fún ni ní 40. Ojú lè ṣì í. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ dá iye tí a rí padà sínú ìdọ́gba méjèèjì: 1.8 × 10 + 32 = 50; 2 × 10 + 30 = 50.

Bí ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà méjì bá dọ́gba, tí wọ́n sì ré ìlà òró kọjá níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò ní í pàdé láé. Kò sí ìdáhùn. Bí méjèèjì bá jẹ́ ìlà kan náà, ìdáhùn kò lóǹkà.

Gíráàfù tún ń fi ohun tí ó wà lẹ́yìn ibi ìpàdé hàn. Láti 10 sókè, dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan ń fi 0.2 kún àlàfo àárín ìlà méjèèjì. Ní 37, tí í ṣe ìgbóná ara ènìyàn, òfin fún ni ní 98.6, àbùjá fún ni ní 104. Àbùjá náà tó fún ẹni tí ń yan aṣọ tí yóò wọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n òbí tí ó bá gbára lé e yóò rò pé ibà líle ń ṣe ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.