Àgbẹ̀ Tí Kò Lè Ka Ara Ìgò

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó dàgbà láìmọ ìwé kà. Ìnira wọn kò mọ sí títẹ̀ka sí ìwé tí ẹlòmíràn kọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ra oògùn kòkòrò fún kòkó rẹ̀, ara ìgò ni a kọ ìwọ̀n omi tí a ó fi là á sí, àti iye ọjọ́ tí yóò kọjá kí a tó ká kòkó. Ojú ń tì í láti bi ọmọdé léèrè (ìtìjú yìí ni ó sì burú jù), nítorí náà a máa fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí a bá sì gbé ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́ oògùn ikọ́ nínú yàrá, àwòrán agbárí òkú nìkan ni ó lè kà. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgò ni a ya á sí.